Bí A Ṣe Rán Aṣọ Àwọn Sikáòtù Àkọ́kọ́ ní Kàbà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń yà bá mi lábẹ́ igi furúùtù iwájú ilé mi, tí ẹ ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ mú, ẹ jókòó. Èmi kò mọ gbogbo iṣẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀, òun náà ni mo fi ayé mi ṣe. Télọ̀ ni mí ní Kàbà níbí. Ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ báyìí, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi ki òwú bọ̀ ọ́ bí bọ́tìnnì mi bá já. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń fojú kéré iṣẹ́ yìí. N kò ní bá yín jà. Ẹni tí kò tíì rí ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀, kò burú bí ó bá fojú kéré rẹ̀.

Ifẹ̀-Olúkòtún ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwọn Ìyàgbà. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, àgbẹ̀ gidi, ṣùgbọ́n èmi Dáre ọmọ rẹ̀ kò mọ ọkọ́ lò. Ebè tí mo bá kọ máa ń wọ́ bí ọ̀nà eku. Ní ọjọ́ ọjà kan, bàbá mi mú mi dání lọ sí Odò-Ẹrẹ̀ láti lọ ta iṣu. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin kan tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ yí. Aṣọ méjì tí kò mọ ara wọn rí wọ abẹ́ irin kan, wọ́n sì jáde ní ọ̀kan. Mo dúró, ẹnu mi kò padé. Mo gbàgbé iṣu, mo gbàgbé bàbá mi. Nígbà tó wá mi rí, mo ti múra sílẹ̀ fún ìgbátí, àmọ́ kò nà mí. Òun náà dúró wo ẹ̀rọ náà títí, ó wá ní, "Ohun tó lè dá ọ dúró báyìí, bóyá òun ni yóò máa bọ́ ọ."

Bí wọ́n ṣe mú mi wá sí Kàbà àti ohun tí wọ́n fi bẹ ọ̀gá kò gùn, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ọ̀gá Sálámì ni orúkọ ọ̀gá mi. Ọmọ Owé, àwọn onílùú Kàbà, ni, Mùsùlùmí òdodo tí kì í fi ìrun ọ̀sán jẹ oníbàárà níyà, tí kì í sì í fi oníbàárà jẹ ìrun níyà. Ó ga, ó tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Aṣọ ọrùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń gbó, ó sì lẹ̀ ẹ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún, nítorí kì í ráyè rán tirẹ̀.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Odindi ọdún kan, n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mo gbá ilẹ̀, mo ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, mo gún èédú kéékèèké fún áyọ́ọ̀nù, lẹ́yìn náà mo ń fi ọwọ́ ṣe ojú bọ́tìnnì sára àkísà. Bí mo bá ṣe ọ̀kan tán, ọ̀gá á gbé e sójú oòrùn, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, á sì fi abẹ tú gbogbo rẹ̀. Kò ní bínú. Kò ní sọ nǹkan kan. Á kàn dá àkísà náà padà sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ọ̀gá yín máa ń pariwo mọ́ yín, ẹ kò tíì rí ọ̀gá tí kì í pariwo.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin náà, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí lọ́nà tó dára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, á ní kí àwa ọmọ iṣẹ́ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kí á máa wo àwọn tó ń kọjá. Á bi wá pé báwo ni ìbàdí ọkùnrin yẹn ti fẹ̀ tó. A ó sọ tiwa, òun náà á sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà á pe ọkùnrin ọ̀hún, á kí i, á tọrọ gáfárà, á fi téèpù yí i ká. Ohun tó sọ ni téèpù máa ń sọ. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wọn ènìyàn kiri ìlú, títí ọkùnrin kan fi bi mí pé kí ni mo ń wá ní ìbàdí aya òun. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá tó sọ fún un pé iṣẹ́ ni mò ń kọ́.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú. Ọ̀gá nìkan ló ń fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni, ó wúwo, iná pupa ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ó ní bí ọmọ iṣẹ́ bá gé aṣọ kù, a lè fi òmíràn lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí iná bá mú, kò sí ẹni tó lè bá iná gbà á padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ Bùnù ni ìyàwó ọ̀gá. Bàbá rẹ̀, olóyè ńlá ní abúlé wọn, ń ṣàìsàn èémí, wọ́n sì gbé e wá sí Kàbà kí ó lè sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fún un lóògùn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n wà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é, a sì ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Iye, bí àwa ará Okun, Ìyàgbà, Owé àti Bùnù, ṣe ń pe ìyá. Iye gbé òfì rẹ̀ ti ara ògiri, ó ń hun aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bùnù mọ aṣọ pupa tí àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń hun, tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò. Aṣọ àwọn àgbà olóyè tó bá ti lọ ni. Níbi ìsìnkú olóyè, wọn a ta á síwájú ilé kí gbogbo ayé rí i. Ibi tí ọgbọ́n wọn ti yà mí lẹ́nu ni pé òwú pupa tó dáa kò sí nílẹ̀ yìí nígbà náà. Aṣọ pupa òyìnbó ni wọ́n máa ń rà, díẹ̀díẹ̀, wọn a tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọn a wá fi fọ́nrán náà hun tiwọn. Àpótí Iye kún fún aṣọ pupa tó ti ń kó jọ láti ọdún pípẹ́, tí kò tíì tú. Gbogbo wa mọ ẹni tó ń kó o jọ dè. Bàbá pàápàá mọ̀. A kì í sọ ọ́.

Mo ti kọ́ṣẹ́ débi tí ọ̀gá ń fún mi ní àpò ṣòkòtò rán, nígbà tí Tíṣà Fọlọ́runṣọ́ dá ẹgbẹ́ Sikáòtù sílẹ̀ ní iléèwé rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Tíṣà, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Wọ́n ti fún un ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò yan níwájú ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àti àwọn Sikáòtù ìlú mìíràn. Ọmọ tí kò bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ pé, láti orí fìlà dé sikáàfù ọrùn, kò ní yan. Títí di ìgbà náà, Lọ́kọ́jà ni wọ́n ti máa ń rán aṣọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí wá fún wa. Tíṣà ní rárá, télọ̀ Kàbà ni yóò rán ti àwọn ọmọ Kàbà.

Àwọn òbí kò gbà. Ní ìpàdé wọn, alàgbà kan nawọ́ sí ẹ̀wù gbígbó tó wà lọ́rùn ọ̀gá mi, ó ní ẹni máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ilé rọ́ fún ẹ̀rín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún òun, bí aṣọ náà kò bá pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n má tún gbé aṣọ ẹgbẹ́ kankan fún télọ̀ Kàbà mọ́ láéláé. Gbogbo àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ ló fi sínú ọ̀rọ̀ yẹn.

N kò rí aṣọ Sikáòtù rí, ọ̀gá pàápàá kò rí i rí. Tíṣà mú tirẹ̀ wá, èyí tó ń wọ̀ nígbà tó wà níléèwé olùkọ́. Ó fẹ́ràn aṣọ náà, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó wé e sínú ìwé. Ọ̀gá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wò ó pẹ́, ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Tíṣà dìde. Ọ̀gá ní kó jókòó. Ó tú kọ́là, ó tú apá, ó tú etí èjìká, ó tú àpò pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, títí aṣọ náà fi di ègé-ègé káàkiri tábìlì bí adìẹ tí wọ́n kun. Tíṣà gbé orí lé ọwọ́. Ọ̀gá gbé ègé kọ̀ọ̀kan lé orí ìwé, ó fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, ó sì ń fi ìka tọ ipa abẹ́rẹ́ ẹni tó rán an, ó ń sọ fún wa pé, "Ibí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ibí ni ọwọ́ ti rẹ̀ ẹ́." Lẹ́yìn náà ló rán gbogbo rẹ̀ padà. Tíṣà yẹ̀ ẹ́ wò nínú lóde, kò rí ibi tí wọ́n ti tú u. Èmi tí mo jókòó tì í, tí mo rí gbogbo rẹ̀, n kò rí i. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé bí mo bá dàgbà tí mo sì gbọ́n tó ọkùnrin yìí, kò sí iṣẹ́ mìíràn tí mo fẹ́ láyé.

Wàhálà àwọn ìyá ló kàn. Ẹ mọ àwọn ìyá wa. Ìyá kò fẹ́ aṣọ tó bá ọmọ mu, aṣọ tí ọmọ yóò dàgbà bá ló ń fẹ́. Bí a bá ti ń wọn ọmọ kan, ìyá rẹ̀ á ní, "Ẹ fi àyè sílẹ̀, ọmọ mi ń dàgbà." Bí a bá ṣe bí wọ́n ti wí, ṣòkòtò péńpé á di ṣòkòtò gígùn, a ó wá máa fi okùn so ó. Tíṣà sì ń tẹnu mọ́ ọn pé ó gbọ́dọ̀ bá ara mu. Ọ̀gá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ká àyè náà sínú, ní ìbàdí, ní ìdí aṣọ, ní abẹ́ apá, ó fi òwú rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò hàn síta rárá. Ó wá kọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan bí yóò ṣe máa tú u lọ́dọọdún. Ọmọ kan wà tó wọ ṣòkòtò rẹ̀ títí ó fi hu irùngbọ̀n.

Pupa ni àwọ̀ sikáàfù tí Tíṣà mú fún àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí àwọn ìlú mìíràn ti mú àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè. Aṣọ náà ti Lọ́kọ́jà wá ní ìdì. A gé e, a ṣẹ́ etí rẹ̀. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò kàkí ti parí, wọ́n gbé kọ́ sórí okùn. Lílọ̀ ló kù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ọ̀gá ń lọ sikáàfù. Ó ṣí ìdérí áyọ́ọ̀nù láti fẹ́ èédú, bó ṣe máa ń ṣe. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò dé láìkìlọ̀. Ó já ilẹ̀kùn fèrèsé, ó wọlé, ó kó iná inú áyọ́ọ̀nù, ó dà á sórí òkìtì aṣọ pupa. Kí a tó gbé omi dé, ó ti parí. Orí kó àwọn kàkí yọ. Ṣùgbọ́n ní ti sikáàfù, kò ṣẹ́ku èyí tí ènìyàn lè dè mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn.

Tíṣà sáré dé. Ó wo eérú, ó wo ojú àwa ọmọ iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n, nígbà yẹn, bí nǹkan bá bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ ló ń bà á jẹ́. Bí ọ̀gá bá sùn lé aṣọ, ọmọ iṣẹ́ ló rún un. Mo ti ń dúró kí ó pe orúkọ mi. Ọ̀gá ní, "Tíṣà, má wo àwọn ọmọ yìí. Ọwọ́ mi ni áyọ́ọ̀nù wà. Èmi ni mo jó o." Ọkùnrin tí mo rò pé kò lè ṣe àṣìṣe dúró níwájú wa, ó gbé ẹ̀bi rẹ̀ lérí bí ẹni dé fìlà. Mi ò rí ohun tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù kankan.

A wá pupa. Ọjà Kàbà, kò sí. Wọ́n ní kí n wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọjà Odò-Ẹrẹ̀, mo lọ, mo bá èyí tó ní òdòdó lára àti èyí tó ti ṣá. Ọjọ́ ìyan ti dé tán, kò sí àyè láti tún ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́jà. Nígbà tí mo padà pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, ọ̀gá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìpàdé ló ń wò níwájú.

Iye dáwọ́ òfì dúró. Ó ní, "Okun o, Sálámì," bí a ṣe máa ń kí ara wa nílẹ̀ Okun. Ọ̀gá dá a lóhùn. Iye ní pupa wà nínú àpótí òun, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ín. Ọ̀gá dìde kíá, ó ní kí Iye má sọ bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ ni, òun kò ní fọwọ́ kan án. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò gba aṣọ àgbà olóyè tó wà lórí ibùsùn àìsàn, kí ó wá pín in fún ọmọdé? Iye dìde nídìí òfì. Ó wọ yàrá lọ bá Bàbá. A gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, a sì ń gbọ́ èémí Bàbá. Mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi. Bàbá wá sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé, kí àwa tó wà lóde náà lè gbọ́.

Ó ní, "Mi è tíì fẹ́ jáde. Àwọn ọmọ yẹn ló fẹ́ jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ jáde ni kí ẹ wọ aṣọ fún."

Ọ̀gá kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó fi orí kan ilẹ̀ bí ẹni ń kírun. Iye gbé àpótí jáde. Nígbà tí ó ṣí i, pupa náà tàn sí ojú gbogbo wa. N kò mọ̀ pé aṣọ lè lẹ́wà tó báyìí. Ọ̀gá gbé àlùmọ́gàjí, ó dá a dúró lórí aṣọ, ó wo Iye. Iye fúnra rẹ̀ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú tí wọ́n jọ gé àkọ́kọ́.

Ní Kàbà, ọ̀rọ̀ kì í sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìyan, bí àwọn ọmọ ti ń wọ kàkí wọn ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ìyá dé. Wọ́n ti gbọ́ inú àpótí tí pupa ti wá. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sọ́lá ló ṣáájú wọn, onírẹ̀lẹ̀ obìnrin ni, àmọ́ ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Ọ̀gá Sálámì, a kò wá jà. Ṣùgbọ́n n kò bí ọmọ mi kí wọ́n fi aṣọ òkú dì í lọ́rùn." Àwọn yòókù ń fa àwọn ọmọ wọn lápá. Ọmọ ń sunkún, kàkí ń rún. Tíṣà ń bẹ̀bẹ̀, wọn kò gbọ́. Ọ̀gá mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Bí ìlú bá rí ọmọ láì ní sikáàfù, ọ̀rọ̀ ìpàdé yóò ṣẹ. Bí àwọn ìyá bá sì gba ọmọ wọn lọ, yóò ṣẹ bákan náà.

Ìgbà náà ni Bàbá jáde. A kò rí i ní ìdúró láti oṣù tó ti dé. Iye mú un lápá kan, ìyàwó ọ̀gá mú un ní ìkejì, wọ́n fi í jókòó sórí àga télọ̀. Gbogbo àwọn ìyá kúnlẹ̀. Ó mí sínú, ó mí síta, ó wá bi Ìyá Sọ́lá pé, "Ta ló kú?"

Ìyá Sọ́lá fi apá ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ni wọ́n torí rẹ̀ rà á. Ṣé mo kú?"

Ó ní rárá, Bàbá, ẹ kò kú.

"Aṣọ tí kò tíì bá òkú pàdé kì í ṣe aṣọ òkú. Ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ẹ fi wọ ọmọ yín."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀gá gbé àwọn sikáàfù lé e ní itan. Ìyá Sọ́lá ló kọ́kọ́ rákò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó lọ dì í mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ìyá kọ̀ọ̀kan ni Bàbá súre fún, bí èémí rẹ̀ ṣe mọ. Títí di òní, bí mo bá rántí òwúrọ̀ yẹn, irun ara mi a dìde.

Wọ́n yan. Mo tẹ̀ lé wọn láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dé pápá. Mo mọ gbogbo àwọn ọmọ náà, ọmọ àgbẹ̀, ọmọ oníṣòwò, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta igi ìdáná, ọmọ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti èyí tó ń lọ ilé kéú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò mọ ọmọ ta ni ọmọ ta mọ́. Ẹnu yà mí. Àpò tí mo rán wà láyà wọn, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé Dáre, ọwọ́ rẹ ló wà níbẹ̀ yẹn. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn èrò pẹ̀lú ẹ̀wù gbígbó rẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló rí, ó ní kọ́là ọmọ gíga yẹn yẹ̀ díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, aṣọ ẹgbẹ́ kò lọ sí Lọ́kọ́jà mọ́. Iṣẹ́ wá láti Ẹ̀júkù, ó wá láti Ìjùmú. Ọ̀gá fún mi ní ìyọ̀ǹda, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo gbé ìyàwó, mo bímọ. Ẹ̀rọ alọ́wọ́ lọ, ẹlẹ́sẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń lo iná mànàmáná dé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sáré gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ẹ̀ rán ìka mi mọ́ ọn, mo sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ojú bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ dé, mo jókòó, mo ń wò ó, mo rántí gbogbo àkísà tí ọ̀gá tú. Okirika wá dé, ó kó oníbàárà lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rọ yín yá ju tiwa lọ, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ibi àkísà ni iṣẹ́ wà.

Mo ti sáré kọjá ohun kan, ẹ jẹ́ kí n padà síbẹ̀. Òun ni ìdí tí mo fi sọ pé mi ò lè fi iṣẹ́ mìíràn dípò èyí.

Bàbá kò pẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ ìyan. Kí ọdún náà tó yí, ó lọ. Iye ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó pupa jọ padà, àmọ́ ohun tí ó rí kò tó fi hun ìgbànú. Wọ́n gbé Bàbá lọ sí abúlé rẹ̀ ní Bùnù, ọ̀gá àti àwa ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ lé wọn. Àwọn mọ̀lẹ́bí ti pé jọ. Àgbà kan nínú wọn, àbúrò Bàbá, wo iwájú ilé, kò rí aṣọ kankan. Ó bi Iye léèrè pé pupa dà. Ẹ̀yin ará, ìtìjú obìnrin Bùnù tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ olóyè, tó lọ láìsí pupa, ó ju ohun tí mo lè sọ lọ. Wọn yóò ní kò ráyè fún ọkọ rẹ̀. Iye dúró, ó gbé ojú sókè. Ọ̀gá mi ti ń bọ́ síwájú láti lọ gbé ẹ̀bi rẹ̀ lérí lẹ́ẹ̀kan sí i.

A gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ya wọ abúlé, ó dúró, Tíṣà Fọlọ́runṣọ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e, kàkí wọn mọ́, pupa wọn wà lọ́rùn gbogbo wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìyá. Ìyá Sọ́lá ló ń tún ti ọmọ rẹ̀ so kí ó dúró dáadáa, obìnrin kan náà tó ti sọ pé ọmọ òun kò ní fi í kọ́ ọrùn. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún wọn. Àwọn ọmọ tò sí ọ̀tún, wọ́n tò sí òsì, láti ẹnu ọ̀nà Bàbá títí dé ibi tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí. Gbogbo ojú ọ̀nà pọ́n fòò. Mo wo etí sikáàfù tí mo ṣẹ́, mo sì mọ ohun tí mo rán.

Àbúrò Bàbá rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wo ọrùn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó padà wá sọ́dọ̀ Iye, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó ní, "Ta ló hun èyí?"

Iye nawọ́ sí yàrá tí wọ́n tẹ́ Bàbá sí, ó ní, "Òun fúnra rẹ̀ ni."

Àgbà náà bọ́ fìlà. Wọ́n gbé Bàbá, wọ́n sì gbé e kọjá láàárín àwọn ọmọ náà.